Òtẹ́ẹ̀lì Tí Ṣàmsúdéènì Kọ́ De Bàálù

Imú ni Rọ̀kíbátù fi ń rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn mọ́ ọn, á yọ eyín bíi ti gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òpònú ni, ẹ̀rín yẹn ò ní dé ẹnu rárá. Imú ló máa gbà jáde, "hùn," bí ìgbà tí èèyàn bá ń fẹ́ èéfín dànù. Lọ́dún tí ọkọ rẹ̀, Ṣàmsúdéènì, ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, ó gbọ́ "hùn" yẹn ju bó ṣe ń gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lọ.

Ẹja ni Rọ̀kíbátù ń yan ní etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, nínú ilé ààrò tí ìyá ọkọ rẹ̀ fà lé e lọ́wọ́. Ẹ má wulẹ̀ máa ro ilé ńlá. Páànù àlòkù ni wọ́n fi bo òkè rẹ̀, pákó ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó ni ògiri rẹ̀, àgbá mẹ́rin ló sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n lu nídìí láti máa ti igi bọ̀ ọ́, tí wọ́n wá tẹ́ àwọ̀n irin lé lórí. Níbẹ̀ ni ìyá ọkọ ti yan ẹja tó fi tọ́ Ṣàmsúdéènì dàgbà. Níbẹ̀ ni Rọ̀kíbátù náà ti yan èyí tó fi rán ọmọkùnrin rẹ̀, Rídwàn, lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, tó sì fi gbé ọmọbìnrin rẹ̀, Muslimah, relé ọkọ. Kí ìyá àgbà tó kú, ó pe Rọ̀kíbátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó ní, "Ìwọ ni mo fún. Bí ọmọ mi bá wà lórí omi, ọgbọ́n rẹ̀ pé. Bó bá ti gúnlẹ̀ báyìí, ó parí. Má jẹ́ kó fọwọ́ kan ààrò yẹn."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ìyá àgbà sọ. Lójú omi, kò sẹ́ni tó lè kọ́ Ṣàmsúdéènì ní nǹkan kan. Iṣẹ́ tó mọ̀ jù ni ọgbà igi. Ẹni tí kò bá mọ ọgbà igi, bó ṣe rí nìyí: apẹja á gé ẹ̀ka igi jọ, á rì wọ́n mọ́ ilẹ̀ ọ̀sà níbi tí omi ò ti jìn, á sì fi wọ́n sílẹ̀. Ewé á jẹrà, nǹkan aláwọ̀ ewé á hù yí igi ká, ẹja á máa wá jẹun níbẹ̀, á máa sá pamọ́ síbẹ̀, á bímọ síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, olówó rẹ̀ á fi àwọ̀n yí gbogbo rẹ̀ po, á yọ igi, á kó ẹja. Ọgbà igi méjì ni Ṣàmsúdéènì ní, kò sì sí apẹja tó ń kọjá níbẹ̀ tí kì í wò ó tìlara-tìlara.

Ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀ ni, ilé wọn ì bá tòrò. Ìkòròdú ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Rọ̀kíbátù á di ẹja gbígbẹ sínú apẹ̀rẹ̀, á wọkọ̀ lọ sí Ìkòròdú, sí ẹ̀sítéètì kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì pọ̀ sí. Oníbàárà rẹ̀ tó tóbi jù níbẹ̀ ni Bísọ́lá, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mọ́mì Iṣẹ́olúwa. Ọkọ rẹ̀, Dùnsìn, Áílàǹdì ló ti ń ṣiṣẹ́; kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó wọlé. Ọjọ́ Sátidé nìkan lojú ń kàn án. Ọjọ́ Sátidé kan wá wà tí ẹrù pọ̀, Ṣàmsúdéènì bá ìyàwó rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ lọ. Wọ́n bá Dádì Iṣẹ́olúwa níjòkòó lẹ́nu géètì nínú ṣẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ya igi àgbọn sí káàkiri. Gáńbíà ló ti ń bọ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ ló rán an lọ sí ìpàdé níbẹ̀, ó wọ bàálù lọ, ó wọ bàálù bọ̀, ó wá di pé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Ìyá ẹlẹ́ja, ẹ ò tíì rí nǹkan," ló wí. "Orílẹ̀-èdè kékeré báyìí. Wọn ò ní epo, wọn ò ní nǹkan kan. Òyìnbó ló ń bọ́ wọn. Bàálù á kàn máa já òyìnbó sílẹ̀ bíi típà tó ń da iyanrìn. Wọ́n á lọ sùn sí etí òkun, wọ́n á bọ́ aṣọ, wọ́n á máa yá oòrùn. Ẹni tó bá ti ní yàrá méjì níbẹ̀, olówó ni."

"Wọ́n ń yá oòrùn?" Rọ̀kíbátù ní. "Wọn ò ní oòrùn nílé ni?"

"Òtútù ni nílé wọn, mà."

"Tí oòrùn bá wá ràn nílé wọn ńkọ́?"

Dádì Iṣẹ́olúwa fọwọ́ họ irùngbọ̀n. "Ìgbà yẹn, wọn kì í wá. Tó bá ti di àsìkò òjò, pápá bàálù yẹn á dá páropáro. Òtẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ níbẹ̀ á ti ilẹ̀kùn."

"Kí wá làwọn onílùú máa ń jẹ nígbà náà?"

"Wọ́n á máa retí wọn ni."

"Hùn." Rọ̀kíbátù yíjú sí ìyàwó ilé. "Odindi ìlú tó jókòó tó ń wojú ọ̀run. Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣa ẹja yín kí n máa lọ."

Ṣùgbọ́n Ṣàmsúdéènì ò gbọ́ ti àsìkò òjò. Ibi tí wọ́n ti sọ pé ẹni tó ní yàrá méjì, olówó ni, ibẹ̀ ni etí rẹ̀ dúró sí. Títí wọ́n fi padà dé Ẹ̀pẹ́, ẹnu rẹ̀ kàn ń mì bí ẹni tó ń ka àdúrà lásìmú ni.

Kò pẹ́ sígbà yẹn làwọn kan dé sínú igbó tó wà ní òdìkejì títì. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀, wọ́n ń fi ojú kan wo inú rẹ̀, wọ́n sì ń ri èèkàn káàkiri. Àwọn ará àdúgbò bi wọ́n léèrè, wọ́n ní ọ̀gá àwọn ló rán àwọn. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti kárí gbogbo etí omi pé pápá bàálù ni wọ́n fẹ́ ṣe síbẹ̀. Ta ló sọ ọ́? Ọkùnrin kan ní àbúrò òun tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ló sọ ọ́ fún òun. Nígbà tí wọ́n rí àbúrò náà, ó ní ẹnu ẹ̀gbọ́n òun lòun ti gbọ́ ọ.

Ṣàmsúdéènì wá bá ìyàwó rẹ̀ nídìí ààrò.

"Ìyá Rídwàn, mo fẹ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì."

Rọ̀kíbátù ń yí ọ̀bọ̀kún padà lórí iná. Kò gbójú sókè. "Ta ló fẹ́ sùn níbẹ̀?"

"Àwọn tí bàálù máa já sílẹ̀ ni."

"Bàálù èwo?"

"Èyí tó ń bọ̀. Ṣé o mọ ọgbà igi mi? Ṣé mo máa ń dúró kí ẹja dé ná kí n tó gé igi ni? Igi ni mo máa kọ́kọ́ rì. Màá fi í sílẹ̀, màá lọ sùn sílé. Ẹja fúnra rẹ̀ ni yóò wá. Ẹni tó bá sì tètè rì igi, òun lẹja rẹ̀ ń pọ̀. Òtẹ́ẹ̀lì yìí, igi ni. Kí àwọn tó kù tó lajú, tèmi ti wà nílẹ̀."

Ó sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ojú rẹ̀ ń dán. Tí ẹ bá rí i lójijì, ẹ ó rò pé ọlọ́gbọ́n ló ń sọ̀rọ̀.

Rọ̀kíbátù gbé igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Baba Rídwàn, ẹja tó ń wọnú igi yín, inú ọ̀sà yìí ló wà kí wọ́n tó bí yín. Ebi ló ń pa á, ẹ wá ṣe ibi ìjẹun fún un. Òyìnbó wo lẹ rí tó ń fò kiri lókè Ẹ̀pẹ́, tó ń wá ibi tó máa bà sí?"

"Wọ́n ń kọjá lójoojúmọ́," Ṣàmsúdéènì wí, ó sì nàka sókè.

Lóòótọ́, bàálù kan ń kọjá lọ lókè réré, ó kéré bí abẹ́rẹ́. Rọ̀kíbátù wò ó, ó wo ọkọ rẹ̀, ó padà sídìí ọ̀bọ̀kún. "Hùn."

Ṣàmsúdéènì ta ọkọ̀ ojú omi. Ó ta àwọ̀n. Ó gbé ọgbà igi méjèèjì fún ẹlòmíì. Rọ̀kíbátù ò sọ nǹkan kan, torí ọkọ̀ ọkọ ni, àwọ̀n ọkọ ni. Ó kọ́ òtẹ́ẹ̀lì náà sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, gbangba ní ẹ̀gbẹ́ ilé ààrò, yàrá márùn-ún lórí ìlà kan bí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ VIP sára ilẹ̀kùn yàrá àkọ́kọ́. Mùlíkátù, ọ̀rẹ́ Rọ̀kíbátù tó ń yan ẹja nísàlẹ̀ díẹ̀ sí wọn, wá wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló wà nínú eléyìí tí kò sí nínú àwọn tó kù?"

"Fáànù," ni Ṣàmsúdéènì dá a lóhùn.

Ẹni tó ya pátákó ìta, ara ọkọ̀ ojú omi ló ti ń ya nǹkan sí láti kékeré, ẹja àti ìràwọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Wọ́n ní kó ya bàálù, ó ya bàálù. Nígbà tí wọ́n nà án ró tán, Mùlíkátù yí i ká, ó tún yí i ká.

"Rọ̀kíbátù, ọ̀bọ̀kún nìyí àbí ojú mi ni?"

"Bàálù ni."

"Irùngbọ̀n wo ló wá wà lẹ́nu bàálù?"

"Lọ bi onílé."

Láti ìgbà náà, Ṣàmsúdéènì di aláṣọ. Kóòtù kan tí Rídwàn rà fún un ní Èkó ló ń wọ̀ nínú oòrùn ganrínganrín, òógùn á máa ṣàn wọ etí rẹ̀. Láàárọ̀ á ṣí ilẹ̀kùn márààrún, nírọ̀lẹ́ á tì wọ́n. Á gbọn bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí òyìnbó, Mùlíkátù ló sì ń fi kọ́ ọ. Bí ìyẹn bá ti ru apẹ̀rẹ̀ kọjá báyìí, Ṣàmsúdéènì á tẹ̀ ba, á ní, "Wẹ́ẹ̀kọ́ọ̀mù, màdáàmù." Mùlíkátù náà á dúró, á ní, "Tànkíù, ṣé ẹ ní omi gbígbóná?"

Àlejò kan ṣoṣo ló wọlé ní gbogbo ọdún náà. Ọkùnrin kan gbé ọmọge wá lórí ọ̀kadà, ó ní wákàtí kan ti tó àwọn. Ṣàmsúdéènì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsárì tán, lé tọkùnrin tobìnrin dé títì.

"Ọ̀kan tó já sínú igi náà," Rọ̀kíbátù sọ fún Mùlíkátù, "ó dá a padà sómi."

Ta ló wá ń bọ́ òtẹ́ẹ̀lì? Ẹja ni. Epo jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń tàn kí àlejò má bàa bá òkùnkùn, láti orí àgbá mẹ́rin yẹn ló ti ń wá. Ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ bẹ́ẹ̀ṣíìtì, ibẹ̀ náà ni. Oúnjẹ tí ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì ń jẹ tó fi ń rí okun tẹ̀ ba, ẹ ò ní béèrè ìyẹn mọ́. Rọ̀kíbátù á máa koná, á máa sọ ọ́ lábẹ́ èémí pé, "Wọ́n ní òyìnbó ló ń bọ́ àwọn ará Gáńbíà. Èmi dúdú yìí ni òyìnbó tiwa."

Bó ṣe wà nìyẹn tí Dádì Iṣẹ́olúwa fi gbé mọ́tò wá sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ní òun wá kí Bàbá. Ṣẹ́ẹ̀tì onígi àgbọn yẹn náà ló wọ̀. Ṣàmsúdéènì mú un wọ yàrá kan jáde, ó mú un wọ òmíràn. Dádì Iṣẹ́olúwa ń mi orí.

"Bàbá, ẹ gbìyànjú. Èéfín yìí nìkan ló kù. Ní Gáńbíà, mi ò rí ẹni tó ń yan ẹja nítòsí òtẹ́ẹ̀lì. Òyìnbó kì í fẹ́ òórùn."

Bó ṣe ń sọ ti òórùn yẹn, apẹ̀rẹ̀ ọ̀bọ̀kún kan ti wà nínú búùtù mọ́tò rẹ̀, Mọ́mì Iṣẹ́olúwa ló ní kó bá òun gbé e bọ̀. Ó ti búùtù, ó lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ṣàmsúdéènì dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ààrò. Kò wọlé.

"Ìyá Rídwàn, ilé yìí máa kúrò níbí."

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ dà?"

"Mi ò bá ẹ ṣeré. Èéfín ni kò jẹ́ kí wọ́n wá."

"Bàálù tẹ́ ẹ ń wí ò tíì dé. Ẹni tó wà lókè òkun ló wá gbóòórùn ẹja tí mo ń yan ní Ẹ̀pẹ́, tó ní òun ò wá mọ́?"

"Wọ́n á dé. Tí wọ́n bá dé tí wọ́n bá èéfín, wọ́n á yà sí ti ẹlòmíì."

"Ìyá yín ló kọ́ ilé yìí."

"Ìyá mi ò mọ̀ pé bàálù ń bọ̀."

"Ìyá yín mọ̀ yín." Rọ̀kíbátù nu ọwọ́ sára ìró. "Tí ààrò yìí bá lọ, kí la máa jẹ?"

"A ó fara dà á títí wọ́n á fi dé."

"Ìyẹn ni pé a ó jókòó, a ó máa wojú ọ̀run. Baba Rídwàn, ẹ gbọ́ mi. Ẹ ta ọkọ̀, mo dákẹ́. Ẹ ta àwọ̀n, mo dákẹ́. Èyí tó wà lẹ́yìn mi yìí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo bẹ̀ yín ni o, mi ò tíì bínú."

Rọ̀kíbátù rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ẹni tó mọ Ṣàmsúdéènì tó báyẹn, kò yẹ kó rò bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìròyìn dé pé ọ̀gá tó ni àwọn èèkàn yẹn gan-an ń bọ̀ wá wo ilẹ̀ rẹ̀. Ṣàmsúdéènì ránṣẹ́ sí i pé kó wá sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Rọ̀kíbátù àti Mùlíkátù lọ ra ẹja tútù lọ́jà Olúwo, torí Mọ́mì Iṣẹ́olúwa ti ní kí wọ́n kó ẹja púpọ̀ wá fún òun ní Sátidé. Ẹja dára lọ́jọ́ náà, ọ̀bọ̀kún tó sanra, ẹpìyà tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́ kedere. Wọ́n rà á kún apẹ̀rẹ̀, wọ́n háyà mọ́tò gbé e délé. Oòrùn ti mú nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Ilé ààrò ò sí níbẹ̀ mọ́.

Páànù rẹ̀ wà nílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn pákó ti di ìdì igi. Àgbá mẹ́rin wà nínú koríko lọ́hùn-ún. Eérú tí wọ́n ti ń dà síbẹ̀ láti ayé ìyá àgbà, wọ́n ti gbá a mọ́, wọ́n da iyanrìn funfun lé e lórí, wọ́n sì to ìkòkò òdòdó mẹ́ta síbẹ̀. Mọ́tò ńlá kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọkùnrin sísanra kan jókòó lórí àga níwájú VIP, ó ń mu Fáńtà. Ṣàmsúdéènì tẹ̀ ba sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú kóòtù.

"Pápá bàálù kẹ̀?" ọkùnrin náà ń wí. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, Bàbá? Adìyẹ ni mo fẹ́ máa sìn níbẹ̀." Ó gbé ìgò náà kalẹ̀. "Mo tiẹ̀ ní kí n wá sọ fún yín ṣáájú ni, torí ẹ súnmọ́ wa. Tí ó bá di àsìkò òjò, òórùn wọn máa dé ibí o. Ẹ má bínú."

Ó dìde, ó dúpẹ́ Fáńtà, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Ṣàmsúdéènì ṣì tẹ̀ síbẹ̀.

"Nǹkan tó níyẹ̀ẹ́ náà ni wọ́n ń kó bọ̀," Mùlíkátù wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Kò kàn lè fò jìnnà ni."

Rọ̀kíbátù ò rẹ́rìn-ín, imú rẹ̀ ò sì dún. Ó wo ibi tí ààrò wà tẹ́lẹ̀. Ó wo apẹ̀rẹ̀. Eṣinṣin ti ń bà lé e. Ẹja ò mọ̀ pé wọ́n ti wó ilé. Tí iná ò bá tètè kàn án, gbogbo owó tí wọ́n fi rà á ti wọgbó, oníbàárà Ìkòròdú á sì wá ẹlòmíì. Ó so gèlè rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó wọnú koríko, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí àgbá bọ̀.

"Mùlíkátù, bá mi gbé orí kejì."

"Ibo là ń gbé e lọ?"

"VIP."

Ṣàmsúdéènì wá nà ró. "Rọ̀kíbátù, yàrá àlejò nìyẹn."

"Mo rí i. Wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn."

"Ògiri yẹn máa dúdú."

"Á dúdú."

"Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀."

"Ẹ bá wa gbé e síta. Ẹ gbé fáànù náà, kó má bàa fẹ́ná."

Ṣàmsúdéènì dúró, ó ń wò wọ́n. Àgbá kìíní wọlé, àgbá kejì wọlé. Mùlíkátù ń to igi, àwọn pákó ilé ààrò tó ti wó náà ni wọ́n fi dáná, wọ́n gbẹ, iná sì mú kíákíá. Nígbà tí Rọ̀kíbátù tún jáde wá gbé àwọ̀n irin, bẹ́ẹ̀dì ti wà lórí iyanrìn funfun, láàárín àwọn ìkòkò òdòdó. Ṣàmsúdéènì ló gbé e síbẹ̀. Kóòtù rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà.

Wọ́n to ọ̀bọ̀kún sórí iná. Èéfín gba ojú fèrèsé jáde díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù padà sínú, ó kún yàrá náà bámú, Mùlíkátù sá jáde pẹ̀lú ikọ́. Rọ̀kíbátù yọ orí lẹ́nu ọ̀nà, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ilé yìí ò lè mí. Baba Rídwàn, ẹ gbé àkàsọ̀, ẹ yọ páànù kan lókè."

"Páànù tuntun?"

"Ẹja yìí ò ní dúró dè yín o."

Ó gbé àkàsọ̀. Ó gùn ún. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń fi òòlù yọ ìṣó, tó ń kùn sínú ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Sílín já wálẹ̀ lápá kan, páànù kan ṣí, ìmọ́lẹ̀ sì ya wọnú VIP, èéfín rọ́ lọ bá a. Lórí ààrò, awọ ọ̀bọ̀kún ti ń pọ́n bọ̀. Rọ̀kíbátù nu ojú rẹ̀, ó mú igi ọwọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lókè, òòlù dákẹ́.

"Ọ̀kan ò tó," Rọ̀kíbátù wí, kò gbójú sókè. "Ẹ yọ èkejì. Ẹ má sì máa wojú ọ̀run, ibi tẹ́ ẹ fẹsẹ̀ lé ni kí ẹ wò."